Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Arọ kò lè sáré, kò sì lè fo odi. Bí ogun bá já lu ìlú lójijì, òun ni ọwọ́ ọ̀tá yóò kọ́kọ́ tẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ fún un láti ìgbà òjò pé ogun ń bọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò ti fi ìdí wọ́ kúrò ní ìlú kí ilẹ̀ tó gbẹ. Ó tètè gbọ́, ó gba ohun tí ó gbọ́ gbọ́, ó sì wá nǹkan ṣe sí i; èyí ni ó gbà á là.

Irú ogun bẹ́ẹ̀ kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí ó ń ja ilé wa lónìí. Orúkọ tí àwọn baba wa fún un ni àtọ̀gbẹ, nítorí pé ẹni tí ó bá mú a máa tọ̀ lemọ́lemọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà, nítorí pé èèrà a máa ṣù bo ibi tí ẹni náà bá tọ̀ sí. Oríṣi rẹ̀ kò jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ọ̀kan wà tí ó sábà máa ń mú ọmọdé, tí kì í ṣe oúnjẹ tí ọmọ náà jẹ ni ó fà á. N kò sọ ti ìyẹn níhìn-ín. Èyí tí mo ń sọ ni ti àgbàlagbà, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní irú kejì, òun ni ó sì pọ̀ jù lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kan kó àwọn ìwádìí tí a ti ṣe káàkiri Nàìjíríà jọ, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2018, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà 17 ni ó ní in.

Èrò tèmi nìyí, n ó sì gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀: kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó ti di àgbà dúró de àìsàn yìí kí ó tó mọ bí òun ti súnmọ́ ọn tó. Ó yẹ kí olúkúlùkù jókòó, kí ó ka ewu tirẹ̀ bí ẹni ń ka owó, kí ó sì dín in kù níwọ̀n tí agbára rẹ̀ bá ká.

Mo ní ẹ̀gbọ́n ìyá kan tí a máa ń pè ní Bàbá Oníkòkó, nítorí pé kòkó ni ó ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ènìyàn ńlá ni. Ikùn rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ wọlé, òun a sì tẹ̀ lé e. Inú gbogbo wa a máa dùn sí ikùn yìí. Àwọn ìyàwó ilé a máa kí i pé, "Bàbá, ara yín dán o, ẹ kú ìgbádùn." Òun náà a fi ọwọ́ pa ikùn, a ní, "Owó ni, ẹ̀yin aya wa." Iyán rẹ̀ kì í kéré, ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ó sì fi ń sìn ín, ìgò méjì lójúmọ́ láìyẹ̀. Láti ilé rẹ̀ dé ibi tí ó ti ń wọn kòkó kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ ọkọ̀ ni ó ń gbé e lọ, ọkọ̀ ni ó sì ń gbé e bọ̀.

Nígbà tí ó di 1992, ó bẹ̀rẹ̀ sí dìde tọ̀ ní òru ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Òùngbẹ a máa gbẹ ẹ́ lọ́sàn-án lóru. Ó ní ooru ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú tipiri. Ó ní àgbà ni ó ń dé. Ní ọdún kejì, bàtà tuntun kan bó o ní ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Egbò náà kò san. Wọ́n ní ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ oògùn ìkà tí ọ̀tá dà sílẹ̀ dè é, wọ́n sì gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ adáhunṣe kan fún oṣù méjì. Nígbà tí a óò fi gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ ti dúdú. Oníṣègùn yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó mi orí, ó ní ó ti tó ọdún mélòó kan tí àìsàn yìí ti wà lára rẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ orúnkún.

Ilé-ìwé girama ni mo wà nígbà náà, èmi ni mo sì máa ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà ìsinmi. Ní ọjọ́ kan tí a wà ní abẹ́ igi ọ̀dán iwájú ilé, ó bi mí léèrè pé, "Ìwọ tí o mọ ìwé, ǹjẹ́ ohun kan wà tí ẹnì kan ì bá ti sọ fún mi?" N kò mọ èsì tí n ó fún un. Ó kú ní 1997. Mo mọ èsì náà nísinsìnyí, ó sì ń dùn mí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ọ̀tá yìí ti ń rìn. Oúnjẹ tí a bá jẹ, pàápàá èyí tí a fi isu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ìrẹsì tàbí àlìkámà ṣe, a máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé ṣúgà náà kiri, ṣùgbọ́n ṣúgà kò lè wọ inú ẹran ara bí ó ti yẹ láìsí ẹni tí yóò ṣí ìlẹ̀kùn fún un. Oje kan tí ń jẹ́ ínsúlínì ni ó ń ṣí ìlẹ̀kùn náà. Ẹ̀yà ara kan tí ó fara sin sí ẹ̀yìn àpòlúkù ni ó sì ń pèsè rẹ̀. Bí ọ̀rá bá pọ̀ nínú ikùn, tí ẹran ara kò sì ń ṣiṣẹ́, ìlẹ̀kùn a bẹ̀rẹ̀ sí le. Ẹ̀yà ara náà a tún pèsè ínsúlínì sí i, a fi ipá ti ìlẹ̀kùn náà. Ó lè ṣe báyìí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé olúwarẹ̀ mọ ohunkóhun. Níkẹyìn, a rẹ̀ ẹ́, ṣúgà a sì kún inú ẹ̀jẹ̀ bí omi ti ń kún odò nígbà òjò. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣúgà tí ó pọ̀ jù yìí a máa ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín jẹ́, ti ojú, ti kíndìnrín àti ti ẹsẹ̀. A sì máa mú kí àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ súnmọ́ ènìyàn.

Àwọn ọdún tí ìlẹ̀kùn ń le, tí ṣúgà kò sì tí ì kún àkúnya, ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Àwọn ni ìgbà òjò tí arọ fi ń wọ́ kúrò ní ìlú.

Báwo wá ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ pé òun wà nínú àwọn ọdún náà? Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní orílẹ̀-èdè Finland, ní àríwá Yúróòpù, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Kò gba abẹ́rẹ́, kò sì gba owó. Ìbéèrè mẹ́jọ ni, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì ní iye àmì tirẹ̀.

Èkíní ni ọjọ́ orí. Ẹni tí kò tí ì pé ọdún 45 kò gba àmì kankan. Ẹni ọdún 45 sí 54 gba 2. Ẹni ọdún 55 sí 64 gba 3. Ẹni tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ gba 4. Èkejì ni bí ara ti wúwo tó sí gíga rẹ̀. A ó mú ìwọ̀n ara ní kìlógíráàmù, a ó fi gíga ní mítà pín in, a ó sì tún fi gíga kan náà pín in lẹ́ẹ̀kejì. Bí ohun tí a rí kò bá tó 25, kò sí àmì. Bí ó bá jẹ́ 25 sí 30, àmì 1. Bí ó bá ju 30 lọ, àmì 3. Ẹ̀kẹta ni ikùn. Kí a fi okùn ìwọ̀n tí àwọn aránṣọ ń lò yí ikùn po ní ọ̀gangan ìdodo. Ọkùnrin tí tirẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 94 sí 102, tàbí obìnrin tí tirẹ̀ bá jẹ́ 80 sí 88, gba 3. Ẹni tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ gba 4. Ẹ̀kẹrin, ẹni tí kì í fi ara ṣiṣẹ́ tàbí rìn tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́ gba 2. Ẹ̀karùn-ún, ẹni tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ tàbí èso lójoojúmọ́ gba 1. Ẹ̀kẹfà, ẹni tí ó ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru déédé rí gba 2. Èkeje, ẹni tí àyẹ̀wò ti fi hàn rí pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, ìbáà jẹ́ nígbà oyún, gba 5. Ẹ̀kẹjọ ni ìdílé. Ẹni tí òbí rẹ̀, tàbí ọmọ ìyá tàbí ọmọ baba rẹ̀, tàbí ọmọ tirẹ̀ bá ní àtọ̀gbẹ gba 5; bí ó bá jẹ́ òbí àgbà, tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí, tàbí ọmọ wọn, ó gba 3.

Kí a wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí kò bá tó 7, ewu kéré: nínú 100 irú ẹni bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan ni àìsàn náà yóò mú láàárín ọdún mẹ́wàá. Bí ó bá jẹ́ 7 sí 11, ó di ẹnì kan nínú 25. Bí ó bá jẹ́ 12 sí 14, ẹnì kan nínú mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ 15 sí 20, ẹnì kan nínú mẹ́ta. Bí ó bá ju 20 lọ, ẹnì kan nínú méjì.

Òótọ́ ni pé ara àwọn ará Finland ni a fi ṣe ìṣirò yìí. Wọn kì í jẹ iyán, bẹ́ẹ̀ ni ara wọn kò rí bí tiwa ní gbogbo ọ̀nà. Nítorí náà, kí a má ṣe fi í jẹ adájọ́. Ajá ọdẹ ni kí a fi í ṣe, tí ó ń gbó láti sọ fún wa pé ẹranko wà nínú igbó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè sọ irú ẹranko tí ó jẹ́.

Nígbà tí mo pé ọdún 47, mo jókòó, mo ka tèmi. Ọjọ́ orí mi gba 2. Mo wọn kìlógíráàmù 82, gíga mi sì jẹ́ mítà 1.70, ìyẹn gba 1. Ikùn mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 98, ó gba 3. Ọkọ̀ ni ó ń gbé mi lọ sí ibi iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbé Bàbá Oníkòkó. Ìyẹn gba 2. Ẹ̀fọ́ tí mo ń jẹ kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Ó gba 1. Bàbá Oníkòkó fúnra rẹ̀ gba 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12, ẹnì kan nínú mẹ́fà. N kò mọ àìsàn kankan lára o! Mo ń sùn dáadáa, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán.

Mo bá gba ilé ìwòsàn lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láìfi nǹkan kan ẹnu. Ohun tí ó dára ni kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò tí ì jẹun má tó mílígíráàmù 100 nínú désílítà kan. Bí ó bá tó 126, tí a sì tún rí i bẹ́ẹ̀ nígbà kejì, àtọ̀gbẹ ni. Tèmi jẹ́ 112. Ogun kò tí ì wọ ìlú, ṣùgbọ́n ó ti dé ẹ̀yìn odi. Bí mo bá sì fi àmì 5 ti ìbéèrè keje kún 12 tí mo ní tẹ́lẹ̀, ó di 17, ẹnì kan nínú mẹ́ta.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo tún àwọn ìbéèrè mẹ́jọ náà wò, mo bi ara mi pé èwo nínú wọn ni ó wà ní ìkáwọ́ mi. N kò lè yí ọjọ́ orí mi padà. N kò lè lọ yan ìdílé mìíràn. Ohun tí àyẹ̀wò ti rí, ó ti rí i. Ṣùgbọ́n nínú àmì 26 tí ènìyàn lè gbà lápapọ̀, 10 wà fún ìwọ̀n ara, ikùn, ìrìn àti ẹ̀fọ́. Àwọn wọ̀nyí ni mo dojú kọ. Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi iṣẹ́, ìṣẹ́jú 25 ní àlọ, ìṣẹ́jú 25 ní àbọ̀. Mo jáwọ́ nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò pátápátá, mo ń mu omi. Mo dín òkèlè kù sí ìdajì, mo sì fi ẹ̀fọ́ rọ́pò ìdajì yòókù. Ẹ̀wà wá ń di oúnjẹ mi nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, mo wọn kìlógíráàmù 76, ikùn mi di 92, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ mi di 97. Mo tún àmì mi kà: 17 ti di 11. N kò sọ pé mo ti bọ́ tán, nítorí pé ewu Bàbá Oníkòkó ṣì wà lára mi. Ṣùgbọ́n mo ti fi ìdí wọ́ kúrò lójú ọ̀nà ogun.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé orí èmi nìkan ni ó ṣe é. Ní 1986, ní ìlú Da Qing ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, àwọn oníṣègùn ṣa ènìyàn 577 tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ga, wọ́n sì fi ọdún mẹ́fà kọ́ àwọn kan nínú wọn bí a ti ń jẹun tí a sì ń lo ara. Nígbà tí a padà wò wọ́n lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, àìsàn náà pẹ́ kí ó tó dé bá àwọn tí a kọ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin ju àwọn tí a kò kọ́ lọ, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ sì kéré láàárín wọn. Ní 2001, àwọn ará Finland tẹ àbájáde tiwọn lórí ènìyàn 522. Ní 2002, àwọn ará Amẹ́ríkà tẹ tiwọn lórí ènìyàn 3,234. Nínú ìwádìí méjèèjì, oúnjẹ tí a tún ṣe àti ara tí a ń lò dín àìsàn náà kù ní ìdá 58 nínú 100. Ti Amẹ́ríkà fi oògùn kan wé e, oògùn náà dín in kù ní ìdá 31. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn náà kò ju agbára lọ: kí wọ́n dín ìwọ̀n ara wọn kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa rìn kánkán fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá wọn kìlógíráàmù 90 kò ní ju kìlógíráàmù mẹ́fà àti díẹ̀ lọ láti dín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Wọn yóò ní, "Èmi kì í lá ṣúgà, kí ni ó kàn mí?" Mo ti dáhùn èyí tẹ́lẹ̀: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò béèrè bóyá inú agolo ni òun ti wá tàbí inú odó. Òkèlè ńlá tí a gbé mì láìsí ẹ̀fọ́ nídìí rẹ̀ a máa di ṣúgà. Àwọn kan sì wà tí wọn kì í bu ṣúgà sí tíì, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń mu ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ṣíbí tíì mẹ́sàn-án ṣúgà ni ó wà nínú ìgò kan tí ó gba sẹ̀ǹtílítà 35. Àwọn mìíràn gbà pé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní ewu, nítorí náà wọ́n ń jẹ ẹ́ bí òkè. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Àwọn kan yóò ní àìsàn ìdílé ni, ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ ti jogún rẹ̀. Èmi náà gbà pé ìdílé ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí baba ẹni bá fi ilé tí òrùlé rẹ̀ ń jò sílẹ̀ fún ẹni, ta ni yóò jókòó kí òjò máa pa á, tí yóò máa sọ pé bí òun ti jogún rẹ̀ nìyí? Ẹni tí ó mọ̀ pé òrùlé òun ń jò ni ó yẹ kí ó tètè gun òkè àjà ju gbogbo ènìyàn lọ.

Àwọn mìíràn yóò ní àyànmọ́ kò gbóògùn. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, n kò sì tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n wí pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí a bá gba ọ̀kan tí a sì ju èkejì nù, a ti yan èyí tí ó bá ọ̀lẹ lára mu.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn dùn mí jù ni àwọn tí ó ní, "Owó dà?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Owó àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ná sí ìwòsàn ní ilẹ̀ wa, oògùn àtọ̀gbẹ sì jẹ́ ohun tí a ń rà títí ọjọ́ ayé. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi ní kí a tètè bẹ̀rẹ̀. A kì í san owó kí a tó rìn. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kò wọ́n tó ẹran. Iye tí a ń ná sí aṣọ ẹbí kan ṣoṣo yóò san owó àyẹ̀wò ṣúgà ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo àgbàlagbà ilé, yóò sì ṣẹ́ kù.

Ní tèmi, ìdènà tí ó le jù wà ní ẹnu àwa fúnra wa. A ń ki ikùn bí ẹni ń ki oyè. Nígbà tí mo fọn díẹ̀, àwọn ojúlùmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń bi mí pé, "Ṣé kò sí o?" Àwọn mìíràn bi aya mi léèrè bóyá kò fún mi lóúnjẹ mọ́. Ní òde àríyá, bí mo bá ní ìdajì oúnjẹ náà tó mi, olóde a rò pé mo kẹ́gàn òun. Ẹni tí kò bá ní ọkàn líle yóò padà sí ìdí iyán ńlá nítorí ìtìjú lásán. Ó yẹ kí a yí ẹnu wa padà. Kí a máa yin ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn. Kí olóde tí ó bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún wa bu ẹ̀fọ́ kún ọbẹ̀.

Nǹkan méjì ni mo tún fẹ́ kìlọ̀ fún wa nípa wọn. Èkíní, àwọn kan ń kiri inú ọkọ̀ èrò pẹ̀lú ìgò àgbo, wọ́n ń búra pé yóò wo àtọ̀gbẹ sàn tán pátápátá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. N kò bá ewúro jà. Oúnjẹ gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí oníṣègùn bá ti fún ní oògùn kò gbọdọ̀ torí ìbúra onígò ju oògùn rẹ̀ nù. Èkejì, kí a má ṣe fi ẹni tí àìsàn yìí bá mú ṣẹ̀sín pé oúnjẹ ni ó pa á. Àwọn ẹlẹ́gẹ́ wà tí ó mú. Àwọn tí ó ń roko wà tí ó mú. Ìkìlọ̀ wà fún ẹni tí ogun kò tí ì bá. Ìtọ́jú àti ìfẹ́ ni ti ẹni tí ó ti bá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni èyí, pé ẹ̀yin kò tí ì pé ọdún 20. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìrìn àti ẹ̀fọ́ mọ́ yín lára láti ìsinsìnyí, nítorí pé ohun tí a bá ń ṣe ní ọdún 15 ni ó máa ń rọrùn láti ṣe ní ọdún 50. Èyí kọ́ nìkan sì ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán yín. Ní ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ yá okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ aránṣọ àdúgbò yín. Ọmọ kì í pàṣẹ fún òbí rẹ̀, kì í sì í bá a wí nítorí ikùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òbí tí yóò bínú bí ọmọ rẹ̀ bá kúnlẹ̀ tàbí tí ó dọ̀bálẹ̀, tí ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ìṣirò kan wà tí wọ́n kọ́ wa ní ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí n fi yín kọ́ ọ." Ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́jọ náà. Ẹ ro àmì náà pọ̀ níwájú wọn. Bí ó bá tó 12, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ bá wọn lọ.

Ó ti pẹ́ tí Bàbá Oníkòkó ti lọ, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń gbọ́ ìbéèrè tí ó bi mí lábẹ́ igi ọ̀dán. Ọdún 1986 ni àwọn ará Da Qing ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọn, ọdún mẹ́fà gbáko kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí dìde tọ̀ lóru, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ṣì pé. Bí ó bá tún lè bi mí lónìí, èsì mi kò ní gùn. N ó ní, "Bàbá, ohun kan wà tí à bá ti sọ fún yín. À bá ti ní kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ìdí kòkó yín." Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún un. Èmi ti sọ ọ́ fún yín.